Mònítọ̀ 4K lórí gíráfíìsì àbímọ́: ìbéèrè àti ìdáhùn fún àwọn ọ́fíìsì ilẹ̀ Okun

A kọ èyí fún akọ̀wé, olùṣirò owó, olùkọ́ àti onítẹ̀wé ní Kábbà, Ìyàrà, Mọ̀pà, Ìsánlú, Ẹ̀gbẹ̀ àti agbègbè wọn, tí wọ́n fẹ́ fi mònítọ̀ ńlá tó mọ́ kedere ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì. Gíráfíìsì àbímọ́ ni èyí tí wọ́n kọ́ pọ̀ mọ́ prósẹ́sọ̀ láti ilé iṣẹ́. Kò ní bọ́ọ̀dù tirẹ̀ lọ́tọ̀, kò sì ní mẹ́mórì tirẹ̀. Lára RAM, mẹ́mórì kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀, ló ti ń jẹ.

Ṣé gíráfíìsì àbímọ́ lè gbé 4K lóòótọ́, àbí dandan ni kí n ra káàdì gíráfíìsì?

Ó lè gbé e. Ẹ má tíì ra káàdì kankan.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Mònítọ̀ 4K ní píksẹ́lì (ẹyọ kéékèèké tó ń para pọ̀ di àwòrán) 3840 ní ìbú àti 2160 ní òró. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 8,294,400, ìlọ́po mẹ́rin ti 1920 × 1080 tí ọ̀pọ̀ wa ń lò. Píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan ń gba báìtì 4 nínú RAM, nítorí náà àwòrán kan tó kún ojú mònítọ̀ jẹ́ nǹkan bí 33 MB. Bí wọ́n bá ń fi í ránṣẹ́ nígbà 60 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó di nǹkan bí 2 GB. Igi RAM kan ṣoṣo, irú tí wọ́n ń pè ní DDR4-2400, lè kó 19.2 GB láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan náà. Àyè ṣì pọ̀ níbẹ̀.

Iṣẹ́ ọ́fíìsì pàápàá kì í fi bẹ́ẹ̀ yọ gíráfíìsì lẹ́nu. Nínú Word, lẹ́tà tí ẹ ń tẹ̀ ló ń yí padà; ìyókù ojú mònítọ̀ dúró síbi tó wà. Excel, PDF, ìméèlì, ìpàdé Zoom, gbogbo wọn kò tó ohun tí à ń torí ẹ̀ ra káàdì. Ẹni tó ń ya ilé ní 3D, tó ń gé fídíò, tàbí tó fẹ́ tò mònítọ̀ 4K mẹ́ta, òun ni kó lọ wá káàdì.

Ohun tó ń ba nǹkan jẹ́ ni ọ̀nà tó wà láàárín prósẹ́sọ̀ àti mònítọ̀: ihò tí ẹ ki wáyà bọ̀, wáyà fúnra rẹ̀, àti kọ́ńfátà olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n fi so wọ́n pọ̀.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá kọ̀ǹpútà tèmi lè gbé e?

Ẹ lọ sí Settings, System, About, kí ẹ ka orúkọ prósẹ́sọ̀. Bí ó bá jẹ́ Intel i5-4590, 4 tó tẹ̀ lé àmì - yẹn ni ìran rẹ̀: ìran kẹrin. i5-8250U jẹ́ ti kẹjọ, i5-1135G7, tí 11 ṣíwájú nínú nọ́ńbà rẹ̀, sì jẹ́ ti kọkànlá.

Ìran kẹta Intel sẹ́yìn, ẹ má wulẹ̀ dán 4K wò lórí wọn. Láti ìran kẹrin tó jáde ní 2013, kọ̀ǹpútà orí tábìlì tó jẹ́ i3, i5 tàbí i7 lè gbé 3840 × 2160 ní 60 Hz (àwòrán 60 ní ìṣẹ́jú àáyá kan), ṣùgbọ́n láti ihò DisplayPort nìkan. Láptọ́ọ̀pù ìran kẹrin tí orúkọ prósẹ́sọ̀ rẹ̀ parí sí U kò dé ibẹ̀. Láti ìran kẹfà, láptọ́ọ̀pù náà ti lè ṣe é láti DisplayPort tàbí láti USB-C tó ń gbé àwòrán.

Tòkunbọ̀ ọ́fíìsì ló dára jù fún iṣẹ́ yìí, nítorí ilé iṣẹ́ ńláńlá lókè òkun ni wọ́n ti lò wọ́n, ọ̀pọ̀ wọn sì ní DisplayPort lẹ́yìn. Dell OptiPlex 7020 ní méjì. Ẹ yí ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà wò: ihò DisplayPort jọ HDMI, ṣùgbọ́n igun rẹ̀ kan ṣoṣo ló gé, HDMI rí tóóró nísàlẹ̀ lápá méjèèjì.

Ẹ ṣọ́ra fún prósẹ́sọ̀ Intel tí orúkọ rẹ̀ parí sí F, bíi i5-10400F: kò ní gíráfíìsì àbímọ́ rárá. Ní ti AMD Ryzen orí tábìlì, títí dé ìran 5000, èyí tó ní G nínú orúkọ, bíi 3400G tàbí 5600G, ló ní in. Láti ìran 7000 tó jáde ní 2022, gbogbo wọn ló ní in, àyàfi àwọn tó parí sí F.

Mo ti so ó pọ̀ pẹ̀lú HDMI. 4K yọ, ṣùgbọ́n máòsì ń wọ́ bí ẹni ń rìn nínú ẹrẹ̀. Kí ló dé?

30 Hz ni ẹ wà. Ìbéèrè yìí ló pọ̀ jù, òun náà ló sì ń mú kí àwọn èèyàn máa sọ pé gíráfíìsì àbímọ́ kò dára.

Ẹ dán an wò báyìí. Ẹ gbá fèrèsé kan mú lórí pẹ̀lú máòsì, kí ẹ máa fi í yí po lójú mònítọ̀. Ní 60 Hz, fèrèsé á bá ọwọ́ yín rìn. Ní 30 Hz, ẹ ó rí i tó ń fò láti ibì kan sí ibòmíràn, ọfà máòsì á sì máa bọ̀ lẹ́yìn ọwọ́ yín. Ẹni tó bá fi èyí tẹ iṣẹ́ fún wákàtí mẹ́ta, ojú á ro ó.

Ohun tó fà á nìyí. Àwòrán 4K ní 60 Hz nìkan ń béèrè nǹkan bí 12 Gbps (bíìtì bílíọ̀nù 12 ní ìṣẹ́jú àáyá kan). HDMI 1.4, èyí tó jáde ní 2009, kì í jẹ́ kí ju 8.16 Gbps kọjá. HDMI 2.0, ti 2013, ń gba 14.4, DisplayPort 1.2 ń gba 17.28. Ẹrù ti ju ọ̀nà lọ, Windows wá dín iye ìgbà kù sí 30, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ihò HDMI tó wà lára ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà Intel ìran kẹrin dé ìkẹsàn-án kò kọjá 1.4. Prósẹ́sọ̀ láptọ́ọ̀pù ìran kọkànlá sókè ti ní HDMI 2.0 àbímọ́. Ti ìran kẹwàá pín sí méjì: èyí tí orúkọ rẹ̀ ní G, bíi i5-1035G1, ní i, i5-10210U kò ní i.

Ọ̀nà àbáyọ: ẹ fi ihò HDMI sílẹ̀, ẹ bọ́ sí DisplayPort. Lára ThinkPad T480, fún àpẹẹrẹ, HDMI rẹ̀ kò kọjá 30 Hz ní 4K, ṣùgbọ́n USB-C ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń gbé 60. Láptọ́ọ̀pù kan náà, prósẹ́sọ̀ kan náà. Ihò ló yàtọ̀.

Bí ihò àti wáyà bá ti dára tí ó ṣì dúró sí 30, ẹ wọ inú àkójọ (menu) mònítọ̀ fúnra rẹ̀ pẹ̀lú bọ́tìnì tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ mònítọ̀ ní ibi tí wọ́n ti ń yan HDMI 1.4 tàbí 2.0, àti DisplayPort 1.1 tàbí 1.2, nígbà mìíràn èyí tó kéré ni wọ́n sì fi sílẹ̀ láti ilé iṣẹ́. Ẹ gbé e sókè. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí Settings, System, Display, Advanced display, kí ẹ yan 60 Hz.

Irú wáyà wo ni kí n rà?

DisplayPort sí DisplayPort, mítà 1.5 tàbí 2. Èyí ni kò ní yọ yín lẹ́nu.

Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ lo HDMI 2.0, ẹ wá wáyà tí wọ́n kọ Premium High Speed sí lára. Òun ni wọ́n dán wò fún 18 Gbps. Ẹ má jẹ́ kó gùn ju mítà 3 lọ. Wáyà tí kò lágbára tó máa ń fi ara rẹ̀ hàn: ojú mònítọ̀ á ṣókùnkùn fún ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí méjì á sì padà, tàbí kí àmì funfun kéékèèké máa tàn káàkiri bí ìgbà tí òjò ń ta lórí páànù. Bí ẹ bá sọ ọ́ kalẹ̀ sí 30 Hz tí gbogbo rẹ̀ sì dúró, wáyà lẹ fura sí.

Ní ti kọ́ńfátà, kékeré olówó pọ́ọ́kú tó ń yí DisplayPort sí HDMI kò lè kọjá 30 Hz ní 4K, HDMI 1.4 lásán ló ń gbé kọjá. Èyí tí ẹ fẹ́ ni wọ́n ń pè ní active, tí wọ́n kọ 4K 60Hz sí lára páálí rẹ̀. Ẹ tún rántí pé apá kan ló ń ṣiṣẹ́: kọ́ńfátà láti DisplayPort kọ̀ǹpútà sí HDMI mònítọ̀ kò ní ṣiṣẹ́ bí ẹ bá yí i padà.

VGA ńkọ́?

Rárá. VGA kò gbé 4K. DVI náà kò gbé e. Òun tó lágbára jù lára wọn dúró sí 2560 × 1600.

Láptọ́ọ̀pù mi ní USB-C. Ṣé mo lè lo hub, àpótí kékeré tó ń sọ ihò kan di púpọ̀?

Ẹ kọ́kọ́ wò bóyá ihò yẹn ń gbé àwòrán, torí pé kì í ṣe gbogbo USB-C ló ń ṣe é. Àmì D kékeré tó ní P nínú, tàbí àmì mànàmáná ti Thunderbolt lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò, ni ẹ máa wá. Àmì bátìrì nìkan kò sọ nǹkan kan nípa àwòrán.

Inú USB-C ní ìlà mẹ́rin tó yára. Bí hub bá fún àwòrán ní mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, 4K ní 60 Hz á kọjá, ṣùgbọ́n ihò USB ara hub á lọ sílẹ̀ sí ìyára USB 2.0. Bí ó bá pín in ní méjì-méjì kí USB lè yára, lórí láptọ́ọ̀pù DisplayPort 1.2 àwòrán á bọ́ sí 30 Hz. Ìdí nìyẹn tí hub olówó pọ́ọ́kú fi ń kọ 4K gàdàgbà sí iwájú páálí, tí ó sì kọ 30Hz wẹ́wẹ́ sẹ́yìn. Ẹ ka ẹ̀yìn. Fún ẹni tí kò nílò hub, wáyà USB-C sí DisplayPort tààrà ló pé jù.

Ṣé RAM mi tó? Igi kan 8 GB ni mo ní.

Ó máa ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n igi méjì 4 GB sàn ju igi kan 8 GB lọ fún gíráfíìsì àbímọ́. Igi méjì tó wà nínú àyè tó yẹ ń ṣí ọ̀nà méjì: DDR4-2400 á di 38.4 GB ní ìṣẹ́jú àáyá, dípò 19.2. Bí ẹ bá ń yí ìwé Excel gígùn sókè-sódò ní 4K, ẹ ó mọ̀ ọ́n lára. Ti DDR3-1600 ló tún ṣe pàtàkì jù, torí igi kan kò ju 12.8 lọ.

Lórí kọ̀ǹpútà ìran kọkànlá Intel, ẹ lè rí i lójú: bí igi kan ṣoṣo bá wà nínú rẹ̀, Windows á pe gíráfíìsì ní UHD Graphics, bí ó bá di méjì, orúkọ á yí sí Iris Xe lára àwọn i5 àti i7 tó ní in.

Ìmọ̀ràn wa: owó tí ẹ fẹ́ fi ra káàdì tòkunbọ̀, ẹ fi ra igi RAM kejì tó bá ti àkọ́kọ́ mu, kí gbogbo rẹ̀ di 16 GB. Ẹ pa kọ̀ǹpútà, ẹ yọ wáyà iná, ẹ fọwọ́ kan irin ara àpótí kí ẹ tó mú igi náà dání. Kí ó dún kà-kà lápá méjèèjì ni yóò fi hàn pé ó ti jókòó.

Lẹ́tà kéré jù, mi ò rí nǹkan kan kà.

Ẹ má dín iye píksẹ́lì kù. Ẹ gbé Scale sókè. Ọ̀pọ̀ máa ń sáré sọ mònítọ̀ padà sí 1920 × 1080 nítorí lẹ́tà, gbogbo owó tí wọ́n san fún ìmọ́lẹ̀ kedere á sì bá a lọ. Scale ń mú lẹ́tà tóbi, ṣùgbọ́n ó ń fi píksẹ́lì púpọ̀ sí i ya lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Àmì ohùn àti àmì abẹ́ ọ̀rọ̀ Yorùbá á hàn ketekete, ẹ kò ní máa fura bóyá ọ tàbí o ni ẹ tẹ̀.

Ínǹṣì 27: 150%. Ínǹṣì 32: 125% tàbí 150%. Ínǹṣì 24: 175% tàbí 200%. Ínǹṣì 43: 100%. Lẹ́yìn tí ẹ bá yí i, ẹ jáde kúrò nínú àkáǹtì Windows kí ẹ sì tún wọlé, kí gbogbo ètò lè gbà á.

Ẹ wo èrè rẹ̀ nínú ìwé ìṣirò ẹni tó ń ra kaṣú tàbí kòkó. Kọ́lọ́ọ̀mù Excel lásán fẹ̀ tó 64 píksẹ́lì, ìlà rẹ̀ ga tó 20. 4K ní 150% ń fún yín ní àyè 2560 × 1440. Ìyẹn fi kọ́lọ́ọ̀mù 10 àti ìlà 18 lé ohun tí mònítọ̀ 1920 × 1080 ń fi hàn. Orúkọ àgbẹ̀, iye àpò, ìwọ̀n, owó àsansílẹ̀ àti owó tó kù á wà lójú kan náà láìfa ìwé lọ fa ìwé bọ̀.

Ètò kan ṣoṣo ló ń ṣe bàìbàì, ìyókù mọ́.

Ètò àtijọ́ ni, kò mọ Scale. Ẹ tẹ bọ́tìnì ọ̀tún lórí àmì rẹ̀, Properties, Compatibility, Change high DPI settings. Ẹ fi àmì sí Override, kí ẹ yan System (Enhanced). Bí kò bá dára, ẹ yan Application: lẹ́tà á mọ́ ṣùgbọ́n ó lè kéré.

Mo fi tẹlifíṣọ̀n 4K ṣe mònítọ̀. Lẹ́tà pupa lórí búlúù ń dà bí ẹni pé omi kàn án.

Àwọ̀ ni wọ́n ti gé kúrò níbẹ̀. Bí ọ̀nà bá tóóró, ẹ̀rọ lè fi àwòrán ránṣẹ́ lọ́nà tí píksẹ́lì mẹ́rin á fi máa pín àwọ̀ kan lò. Fún fíìmù, ojú kì í mọ̀ ọ́n. Fún lẹ́tà tín-ín-rín, etí rẹ̀ á yọ́. Ẹ wo Advanced display: níbi Color format, ẹ fẹ́ RGB tàbí YCbCr444, bí ẹ bá rí 420, ibẹ̀ ni ìṣòro wà.

Lórí tẹlifíṣọ̀n, ẹ yí orúkọ ihò HDMI náà sí PC tàbí ẹ yan PC mode, ẹ ṣí HDMI UHD Color tàbí ohun tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ bá pè é, kí ẹ sì sọ Sharpness kalẹ̀. Bí etí ojú Windows bá bọ́ sí ìta, tí ẹ kò rí bọ́tìnì Start tán, overscan ló ṣe é. Ẹ yan Just Scan tàbí Screen Fit.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tún Windows fi sínú rẹ̀. Ó kọ̀ láti kọjá 1024 × 768.

Dráífà, ètò tó ń jẹ́ kí Windows lè lo gíráfíìsì, kò sí. Ẹ ṣí Device Manager, ẹ wo Display adapters. Bí ẹ bá rí Microsoft Basic Display Adapter, ẹ lọ sí ojú ìwé ilé iṣẹ́ tó ṣe kọ̀ǹpútà yín, ẹ fi nọ́ńbà rẹ̀ wá dráífà gíráfíìsì. Ó lè tó ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún MB, nítorí náà ẹ wà á jáde níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dára kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀ sórí fíláàṣì fún ọjọ́ mìíràn.

Ọ́fíìsì wa wà lórí ínfátà. Ṣé 4K kò ní jẹ bátìrì tán?

Ọ̀rọ̀ yìí gan-an ló mú wa fẹ́ràn gíráfíìsì àbímọ́ ní ilẹ̀ wa, níbi tí iná ìjọba ti ń lọ tó ń bọ̀.

Bátìrì 12 V, 200 Ah kan ní 2400 Wh. Bátìrì olómi, ẹ má lò ju ìdajì lọ kó lè pẹ́: 1200 Wh. Ínfátà fúnra rẹ̀ á jẹ nǹkan bí 15 nínú ọgọ́rùn-ún, ó ku 1020. Kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì tó ń jẹ nǹkan bí 45 W àti mònítọ̀ 4K ínǹṣì 27 tó ń jẹ 35 W jẹ́ 80 W. Ẹ ó rí wákàtí 12 ó lé díẹ̀. Ẹ wá fi káàdì gíráfíìsì sí i: bí kò bá tilẹ̀ ṣe nǹkan kan, ó lè máa jẹ 15 W. Ó di 95 W, wákàtí 10 àti díẹ̀. Wákàtí méjì ti lọ, Word kò sì tìtorí ẹ̀ yára.

Ìmọ́lẹ̀ mònítọ̀ ni ibi tó rọrùn jù láti dín owó kù. Wọ́n máa ń fi í sí òkè pátápátá láti ilé iṣẹ́. Nínú yàrá, 40 sí 50 ti tó, ojú á sì sinmi.

Nígbà tí iná dé, mònítọ̀ kò gbé àwòrán mọ́, kọ̀ǹpútà sì ń ṣiṣẹ́.

Ẹ tẹ Windows, Ctrl, Shift àti B pọ̀. Ó máa dún pí, ojú mònítọ̀ á ṣẹ́jú, dráífà á sì tún bẹ̀rẹ̀ láìpa iṣẹ́ yín rẹ́. Bí kò bá gbọ́, ẹ yọ wáyà iná mònítọ̀ kúrò lára ògiri fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kì í ṣe bọ́tìnì nìkan, kí ẹ tó dá a padà. Bí ó bá ń ṣẹlẹ̀ léraléra, ẹ pa Deep Sleep nínú àkójọ mònítọ̀, kí ẹ sì fi ọwọ́ yan DisplayPort dípò Auto.

Bí jẹnẹrétọ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dún, ẹ jẹ́ kó fara balẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan kí ẹ tó yí iná sí i. Nígbà ọyẹ́, ẹ fẹ́ eruku kúrò nínú fáànù kọ̀ǹpútà lóṣooṣù: prósẹ́sọ̀ àti gíráfíìsì àbímọ́ ń pín fáànù kan náà, bí ooru bá mú ọ̀kan, méjèèjì ló máa falẹ̀.

Ṣé mo lè lo mònítọ̀ 4K méjì?

Láti ìran kẹfà Intel, bẹ́ẹ̀ ni, bí kọ̀ǹpútà bá ní DisplayPort méjì, tí RAM sì jẹ́ igi méjì. Ẹ fún mònítọ̀ kọ̀ọ̀kan ní wáyà tirẹ̀. Ẹ má fi ọ̀kan so ọ̀kan lẹ́yìn lórí DisplayPort 1.2, torí 4K kan ní 60 Hz ti gba ọ̀nà náà tán.

Kọ̀ǹpútà mi ti gbó, HDMI 1.4 nìkan ló ní. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ ra mònítọ̀ ínǹṣì 27 tó jẹ́ 2560 × 1440. HDMI 1.4 lè gbé e ní 60 Hz lórí Intel ìran kẹrin sókè, lẹ́tà rẹ̀ ṣeé kà ní 100%, àyè iṣẹ́ tó ń fún yín sì bá ti 4K ínǹṣì 27 ní 150% dọ́gba. Lẹ́tà 4K ló mọ́ jù, ṣùgbọ́n 1440 tó ń lọ geere ní 60 Hz sàn fún ọwọ́ àti ojú ju 4K tó ń wọ́ ní 30 lọ.

Mo ń lọ ra mònítọ̀ ní Lọ́kọ́ja tàbí Ìlọrin. Kí ni kí n ṣe kí n tó sanwó?

Ẹ gbé kọ̀ǹpútà tí ẹ máa lò lọ, tàbí láptọ́ọ̀pù tí ihò rẹ̀ bá tirẹ̀ mu, àti wáyà yín. Ẹ so ó, ẹ ṣí Advanced display. Desktop resolution àti Active signal resolution gbọ́dọ̀ jẹ́ 3840 × 2160 méjèèjì. Bí wọ́n bá yàtọ̀, ojú Windows ló ń pè é ní 4K, ohun tí mònítọ̀ ń gbà kéré sí i. Kí Refresh rate jẹ́ 60 tàbí 59.94. Kí Color format jẹ́ RGB.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ṣí àwòrán funfun kan kó kún ojú mònítọ̀, kí ẹ wá ẹyọ dúdú. Ẹ ṣí dúdú, kí ẹ wá ẹyọ tó ń tàn. Ẹ jẹ́ kó wà ní títàn fún ogún ìṣẹ́jú, torí àìsàn iná ẹ̀yìn mònítọ̀ tòkunbọ̀ kì í sábà fara hàn ní ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́. Kí ẹ tó dì í padà sínú páálí, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá wáyà iná rẹ̀ ní àdápítà tó dá dúró. Bí ó bá ní in, ẹ ya fọ́tò fóltéèjì àti áńpù tó wà lára rẹ̀, nítorí bí iná bá ba àdápítà jẹ́ ní Kábbà tàbí Ìsánlú, nọ́ńbà méjèèjì àti ẹnu rẹ̀ ni ẹ máa fi wá òmíràn.